Ìjàpá àti Ẹrù Tó Sọnù Lójú Ọ̀run

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ní ọjọ́ kan!

Ọjọ́ kan kì í tán láyé.

Ní ìgbà kan!

Ìgbà kan ń lọ, ìgbà kan ń bọ̀, ọjọ́ ń gorí ọjọ́.

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Ìyá Àgùntàn, ó sì dá lórí gbogbo ẹranko ìlú Asese. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ègbè orin rẹ̀ ná, nítorí àlọ́ yìí kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn láìsí i. Bí mo bá ti lé e, kí ẹ máa dáhùn pé: "Ẹrù dà?"

Asese ni àwọn ẹranko wọ̀nyí ń gbé, láàrin Ibafo àti Mowe, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọjà ilẹ̀ ni ọjà tó gbóná jù níbẹ̀. Lónìí, wọ́n á ta púlọ́ọ̀tì kan fún Ọ̀bọ. Lọ́la, wọ́n á ta á fún Ìnàkí. Bó bá di ọ̀túnla, Ọ̀bọ àti Ìnàkí á pàdé ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìjàpá wà lára àwọn tó ń tà á. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọjà dákẹ́, ebi sì dé. Ibi tí Ìjàpá ti ń ro ohun tí yóò jẹ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀n, ti pè é pé òun ti bímọ, kí bàbá òun máa bọ̀ wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ti san owó ọkọ̀ òfúrufú Àwòdì fún un ní àlọ àti àbọ̀.

Físà jáde lówùúrọ̀. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo Asese ti gbọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú ẹni tó ń lọ sókè òkun máa ń rí. Àwọn tí kò kí i láti ọdún tó kọjá á máa wọlé wá kí i. Wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè àlàáfíà ara, wọ́n á ní "nǹkan kékeré báyìí ni o," wọ́n á sì fa àpò ńlá yọ lábẹ́ àga. Ehoro gbé ìrẹsì wá fún ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ọ̀fàdà gan-an ni mo ti lọ rà á o. Kò sí òkúta kan nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi ṣà á." Adìẹ gbé ẹ̀gúsí wá, pẹ̀lú ìrù tó fi ọ̀rá mẹ́ta wé kí òórùn rẹ̀ má baà jáde. Ewúrẹ́ gbé èlùbọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ẹ̀pà àti orógbó. Ìgbín, tó ti gbéra láti ìjẹta, wọlé lálẹ́ pẹ̀lú ìgò adí kan. Kò sí ẹni tó fi ẹran ránṣẹ́. Òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí èrò gbé ẹran wọlé láti ilẹ̀ wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láàrin ẹranko, ta ni yóò di ìbátan rẹ̀ sínú ọ̀rá?

"Ẹ gbé e síbẹ̀," ni Ìjàpá ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tiyín nìkan ni mo lè gbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́."

Ilẹ̀ ṣú, Ìjàpá dùbúlẹ̀, oorun kọ̀ kò wá. Òórùn ìrù ń pè é láti inú ọ̀rá kẹta. Ó dìde. Ó ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni, bóyá ó ti bàjẹ́, nítorí kò yẹ kí àgbàlagbà ru ohun tó bàjẹ́ lọ bá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn odi. Ìrù kò ṣe é dá tọ́ wò, ó sì fi ẹ̀gúsí sí i. Ẹ̀gúsí kò ṣe é dá jẹ, ó sì bu ìrẹsì díẹ̀ sí iná. Lóru ọjọ́ kejì, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ro ọkà lóru ọjọ́ kẹta. Nígbà tí ìrìnàjò ku ọ̀la, òórùn nìkan ló kù nínú àpótí.

Yánníbo káwọ́ lérí. "Baálé mi, kí lẹ fẹ́ wí fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ọ̀nà jìn, Yánníbo. Irọ́ tí mo máa pa wà níwájú, n ó bá a lọ́nà."

Ló bá mú ṣọ́bìrì, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó wa iyẹ̀pẹ̀ pupa Asese. Ó dà á sínú àpò kọ̀ọ̀kan, ó sì so ẹnu wọn padà bí àwọn tó ni wọ́n ṣe so wọ́n. Ó gbé àpótí sórí òṣùwọ̀n: kílò 23 gééré, iye tí ọkọ̀ Àwòdì fàyè gbà. Ó fọwọ́ lu àpótí náà, ó rẹ́rìn-ín. "Òṣùwọ̀n," ni ó wí, "kì í bi ẹrù ní ìwà."

Ìyá Àgùntàn, opó kan ládùúgbò, fẹ́ bá ọkọ̀ kan náà lọ sọ́dọ̀ ọmọ tirẹ̀ tó bímọ. Yánníbo ló lọ bá a di ẹrù. Wọn kò jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wọ inú àpótí; báàgì ọwọ́ ni wọ́n kó o sí, pẹ̀lú ìwé dókítà, ìró kan, bùbá kan àti súwẹ́tà, kí ìyá lè rí nǹkan pààrọ̀ bí òun bá dé tí àpótí kò dé. Gbogbo ohun tó ń wọ àpótí ni Yánníbo ń kọ sílẹ̀, tó sì ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù ìyá: àdìrẹ méjì láti Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ọ̀já ìpọnmọ mẹ́ta, èlùbọ́ ọ̀rá kan, ìgò adí kan, àti aṣọ òfì tí ìyá tó bí Àgùntàn fi pọ̀n ọ́n. Wọ́n so òwú pupa mọ́ ọwọ́ àpótí. Wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí ìwé kan, wọ́n sì tẹ́ ẹ lé orí ẹrù nínú lọ́hùn-ún, nítorí ìwé ìta lè já.

Ìjàpá yọjú, ó wò wọ́n títí. "Ìyá, ṣé ẹrù lẹ ń dì ni, àbí ẹjọ́ lẹ fẹ́ lọ rò?"

Ìyá ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà ló mọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n gbéra, ọjọ́ tí àwọn tó ń lọ sí ìsìn òru ní àgọ́ Ìràpadà máa ń kún ọ̀nà náà fọ́fọ́ nírọ̀lẹ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, kùtùkùtù ni wọ́n jáde. Wọ́n kọjá Ibafo, wọ́n kọjá Magboro. Nígbà tí ọkọ̀ dé Kàrà, níbi ọjà màlúù àti àgbò lẹ́bàá odò Ògùn, Ìyá Àgùntàn fi gèlè bojú, kò ṣí i títí wọ́n fi dé Berger. Ẹbí rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó ti ibẹ̀ wálé rí.

Ní pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, tí ìjọba ṣí ní ọdún 1979, wọ́n gbé ẹrù méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n lẹ ìwé gígùn pélébé mọ́ ọwọ́ àpótí, ìwé tó ní òǹkà 10 àti lẹ́tà mẹ́ta tó ń sọ pápákọ̀ tí ẹrù ń lọ. Wọ́n fún oníkálukú ní ègé kékeré rẹ̀. Ìyá Àgùntàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá LHR ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi í sáàrin páspọ́ọ̀tù. Ìjàpá ká tirẹ̀, ó fi ta eyín, ó sì jù ú sápò.

Ọkọ̀ Àwòdì kì í lọ tààrà. Ó ń bà sí ìlú kan láàrin aṣálẹ̀, kí èrò àti ẹrù bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn. Irú ibi bẹ́ẹ̀ sì ni ẹrù ti ń ṣìnà jù. Iléeṣẹ́ SITA, tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹrù ọkọ̀ òfúrufú kárí ayé, sọ pé nínú èrò 1,000 tó rìn ní ọdún 2024, ẹrù bíi mẹ́fà ni kò bá olówó rẹ̀ dé tàbí tó dé tòun ti àbùkù. Ibi ìpààrọ̀ ọkọ̀ ló sì fa nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn ẹrù tó pẹ́. Òkété ni olórí àwọn tó ń kó ẹrù nílùú aṣálẹ̀ yìí. Àyè tó wà láàrin ọkọ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì kò gùn, oòrùn sì mú. Òkété wo ẹrù, ó wo oòrùn, ó ní gbogbo ẹrù kúkú ń wá ilé lọ, ilé wo ló sì dára ju ihò lọ? Ó wọ́ àpótí Àgùntàn sínú ihò, ó wọ́ ti Ìjàpá gùn ún lórí, ó sùn.

Wọ́n dé Heathrow. Bẹ́líìtì ń yí. Ẹrù Pẹ́pẹ́yẹ jáde, ẹrù Ẹyẹlé jáde, bẹ́líìtì ń yí. Èrò ń dínkù. Nígbà tó ku àpótí kan ṣoṣo tí kò lólúwa, tó ń dá yípo, tó sì jẹ́ pé kì í ṣe ti Asese, Ìyá Àgùntàn jókòó sórí ilẹ̀, ó ń rántí aṣọ òfì.

Inú Ìjàpá dùn dé ibi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ máa jó. Irọ́ tó ní òun ó bá lọ́nà ló dé yìí, Àwòdì ti bá a pa á tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sunkún, ta ni yóò tù ú nínú? Ó wó lulẹ̀ gbì, ó fọwọ́ gbá àyà, ó gbé orin:

Mo dì í l'Asese o!
*Ẹrù dà?*
Mo rù ú kọjá Ibafo!
*Ẹrù dà?*
Wọ́n wọ̀n ọ́n n'Íkẹjà, ó pé!
*Ẹrù dà?*
Tọmọ Ehoro ń bẹ níbẹ̀,
*Ẹrù dà?*
Tọmọ Adìẹ ń bẹ níbẹ̀,
*Ẹrù dà?*
Wúrà baba mi ń bẹ níbẹ̀!
*Ẹrù dà?*
Àwòdì gbé e, kò sọ̀ ọ́,
*Ẹrù dà o, ẹrù dà?*

Gbogbo gbọ̀ngàn ló ń gbè é, àti àwọn tí kò gbọ́ èdè.

Agẹmọ ló jókòó sídìí tábìlì ẹrù tó sọnù. Bí èrò bá fi ìbínú dé, á di pupa. Bí wọ́n bá fi ẹ̀bẹ̀ dé, á di àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá bi í ní ọjọ́ tí ẹrù ń bọ̀, á di àwọ̀ ògiri, wọn kò ní rí i mọ́. Ẹni tí wọ́n rán lọ wá ẹrù fún un ni Ìgbín mìíràn, ìbátan ti Asese.

Yánníbo ti kìlọ̀ fún Ìyá Àgùntàn: "Ìyá, ẹ má jáde nínú gbọ̀ngàn láìgba ìwé. Bí ẹ bá ti jáde, wọ́n á ní inú takisí lẹrù yín gbé sọnù." Nítorí náà, ìyá dúró. Agẹmọ fún wọn ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní PIR. Ìyá ṣí fọ́tò, ó dà wọ́n kọ bí wọ́n ṣe rí: àdìrẹ, ọ̀já, èlùbọ́, adí, òfì. Àpótí dúdú, òwú pupa lọ́wọ́. Ó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, ó kí Agẹmọ, ó lọ.

Ìjàpá jókòó ti fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹ̀gbà wúrà méjìlá. Sányán odindi, tòun ti fìlà. Iyùn ìdílé. Ìrẹsì, ẹ̀gúsí, ìrù, èlùbọ́, ẹ̀pà, orógbó. Nígbà tí ojú ìwé kún, ó yí i padà, ó ń bá a lọ lẹ́yìn.

Ní Peckham, àwọn ọmọ Asese tó wà lókè òkun gbọ́, wọ́n rọ́ wá. Kàkà kí wọ́n béèrè ohun tí ìyá wọn fi rán sí wọn, ojú tì wọ́n: ta ni yóò béèrè ìrù lọ́wọ́ ẹni tó pàdánù wúrà? Wọ́n dáwó jọ fún un. Ọ̀kan ra jákẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ra bàtà. Ọmọ Ehoro lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn Yorùbá ní Rye Lane, ó ra ìrẹsì, ó sè é, ó gbé e fún Ìjàpá pé kó dákẹ́ ẹkún. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá ṣe jẹ ìrẹsì ilé Ehoro lẹ́ẹ̀mejì, lórí ilẹ̀ méjì.

Wọ́n mú un lọ bá Òwìwí, amòfin tó ń fi òru ṣiṣẹ́. Òwìwí yí ojú ńlá sí i.

"Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ẹ sì ti sọ ọ́ di òfin ilé yín láti ọdún 2006. Bí ọjọ́ 21 bá kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí ẹrù dé, tí kò dé, o lè gba owó rẹ̀ bí ẹrù tó sọnù. Bí ó bá dé tó sì ti fọ́, ọjọ́ 7 ni o ní láti fi kọ̀wé ẹ̀sùn. Bí ó bá kàn pẹ́ ni, ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tí o gbà á. Ẹjọ́ kóòtù kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 2. Ohun tí o bá rà láàrin kan láti fi gbé ara ró, ọṣẹ, ṣòkòtò, pa rìsíìtì rẹ̀ mọ́."

"Owó náà ńkọ́? Èló ni?"

"Láti December 28, 2024, òkè rẹ̀ ni 1,519 SDR. SDR ni owó ìṣirò tí àjọ IMF ń lò. Yóò tó nǹkan bí 2,000 dọ́là."

"Wúrà mi nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ!"

"Ṣé o sọ fún wọn n'Íkẹjà pé wúrà wà níbẹ̀? Òfin fún ọ láyè láti kéde iye ẹrù rẹ kí o tó gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí o sì san owó díẹ̀ lé e."

Ìjàpá wúkọ́.

"Ó dáa," ni Òwìwí wí. "Nígbà náà, wúrà tìrẹ àti iyẹ̀pẹ̀, òkè kan náà ni wọ́n jọ dé."

Ìjàpá fò dìde. "Ta ló mẹ́nu ba iyẹ̀pẹ̀?"

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìjàpá ti ń ka ọjọ́. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ sọnù a máa gbàdúrà kó padà. Ìjàpá nìkan ni mo gbọ́ pé ó gbààwẹ̀ kí tirẹ̀ má ṣe dé. Ó ń gbà á láàrin oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ fún un pé ní ìlú Scottsboro, ní Alabama l'Amẹ́ríkà, ilé ìtajà kan wà láti ọdún 1970, Unclaimed Baggage lórúkọ rẹ̀. Bí àwọn ọkọ̀ òfúrufú ibẹ̀ bá wá olówó ẹrù fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí wọn kò rí i, ilé ìtajà náà á rà á, á ṣí i, á máa ta ohun inú rẹ̀. Ìjàpá ní "àwọn ìkà!" ṣùgbọ́n nínú ikùn rẹ̀ ó ń wí pé: Elédùmarè, ẹ gbé tèmi débẹ̀. Ẹni tó bá rà á á fi gbin tẹ̀tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgùntàn ńkọ́? Ó ń lo oògùn rẹ̀ lásìkò, nítorí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fọ ìró kan, ó ń ró èkejì. Ọmọ rẹ̀ ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ fún un, wọ́n sì tọ́jú rìsíìtì. Lójoojúmọ́ ló ń pe Agẹmọ, tó ń ka nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ̀ fún un jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ kan, Agẹmọ ní:

"Ìyá, ẹ mú rìsíìtì gbogbo ohun tó wà nínú àpótí wá."

"Ọmọ mi, aṣọ tí ìyá mi fi pọ̀n mí, ọwọ́ ta ni n ó ti gba rìsíìtì rẹ̀?"

"Ará Asese ni yín, Ìyá. Ará Asese kan kọ wúrà méjìlá síwájú ìwé, ó sì kọ ọ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá ti pàṣẹ pé bí ìwé bá ti ìlú yẹn wá, kí a kà á bí irọ́ títí yóò fi di òótọ́."

Agẹmọ kò di àwọ̀ kankan bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ ò rí nǹkan. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Ìjàpá ló bẹ́ igi, Àgùntàn ló dé ojú ọ̀nà tó rí i pé kò ṣe é kọjá. Ọmọ Ewúrẹ́ tí táyà báàgì rẹ̀ fọ́, tó sì kọ̀wé láàrin ọjọ́ 7 bí òfin ṣe wí, wọ́n bi í bóyá wúrà ni wọ́n fi ṣe táyà ọ̀hún. Wọ́n ní kí ọmọ Adìẹ, tí kò tilẹ̀ sọ nǹkan nù, tó kàn wá béèrè ọ̀nà, kọ́kọ́ fi páspọ́ọ̀tù hàn. Ìjàpá ń jẹun ní Peckham, wọ́n ń fi orúkọ ìlú rẹ̀ nu ilẹ̀ ní Heathrow.

Ó di ọjọ́ 20. Àwòdì jókòó ti ìwé ìṣirò, ó rí i pé bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ tó sì ṣú, owó ń jáde nìyẹn, odindi dé òkè. Ìwé Àgùntàn kéré, kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ gbéra. Ti Ìjàpá ló ga. Àwòdì fò, ó balẹ̀ sí ìlú aṣálẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn ihò Òkété.

"Àpótí méjì wà lọ́dọ̀ rẹ láti ọjọ́ 20!"

Òkété nu ojú oorun. "Ẹ kò béèrè lọ́wọ́ mi."

Wọ́n wọ́ ti Ìjàpá jáde. Bó ṣe kúrò, òwú pupa kan yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìwé ìta àpótí kejì ti já, wọn kò mọ ti ta ni. Wọ́n ṣí i, wọ́n bá ìwé mìíràn lórí ẹrù, tó ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò gbéra wá ló bá ẹrù tí wọ́n wá dé Lọ́ńdọ̀n.

Ìròyìn dé Peckham pé kí àwọn olówó ẹrù yọjú. Ayọ̀ ńlá! Àwọn ọmọ Asese háyà ọkọ̀ láti lọ fi kó ìrẹsì àti èlùbọ́ wọn. Wọ́n fi fídíò pe ilé lórí fóònù, kí Ehoro, Adìẹ àti àwọn yòókù lè máa wò ó láti Asese. Ìjàpá nìkan ni inú ń run. Ó ní kí wọ́n má ṣe wàhálà, kí wọ́n fi ẹrù náà ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Wọ́n ní áà, bàbá yìí mà láàánú o. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀.

Ajá kọ́sítọ́ọ̀mù ń dúró dè wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ ṣí ti Ìyá Àgùntàn. Agẹmọ ń ka ìwé, Ajá ń fa nǹkan yọ: àdìrẹ méjì, ó pé; ọ̀já mẹ́ta, ó pé; èlùbọ́, ó pé; adí, ó pé. Nígbà tí aṣọ òfì jáde, tó ti ń rùn fún ọ̀rinrin ihò àmọ́ tí kò ya, Agẹmọ fi àwọ̀ gbogbo sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Dìde, ọmọ mi. Mo kúkú ti wí fún ọ."

Ó kan Ìjàpá. Ó wo àpótí láti òkèèrè. "Ìyẹn kọ́ ni tèmi."

"Ìwé ọwọ́ rẹ dà?" ni Ajá bi í. Ìjàpá fà á yọ lápò. Òǹkà 10 náà bá ara wọn mu. Ajá fi imú kan ìwé náà. "Ìrù," ni ó wí. Ó fi imú kan àpótí, ó rìn yí i ká, ó tún fi imú kàn án. "Níbí, kò sí ìrù. Ìrù ti gba ọ̀nà mìíràn lọ kí ọkọ̀ tó gbéra."

Wọ́n tú okùn àpò àkọ́kọ́, iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n tú èkejì, iyẹ̀pẹ̀. Ehoro, láti inú fóònù, ni ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde:

Mo fọwọ́ ṣà á l'Ọ́fàdà!
*Ìrẹsì dà?*
Òkúta kan kò sí níbẹ̀!
*Ìrẹsì dà?*
Mo wé e lọ́nà mẹ́ta o!
*Ìrù dà?*
Ẹsẹ̀ mi fà á láti ìjẹta!
*Adí dà?*
Wúrà méjìlá tó kọ síwèé,
*Wúrà dà o, wúrà dà?*

Ìjàpá rí i pé ilẹ̀ ti mọ́. Ó gun orí àpótí, ó nawọ́ sókè. "Ẹ̀yin ọmọ Asese! Ṣé iyẹ̀pẹ̀ lẹ pe èyí? Ilẹ̀ ni! Púlọ́ọ̀tì tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fi ń lù yín ní jìbìtì nítorí pé ẹ wà lókè òkun ni mo ru wá bá yín, kí ẹ fojú ara yín rí i, kí ẹ fọwọ́ kàn án. Lẹ́bàá títì ni, omi kì í gbà á. Ta ni yóò kọ́kọ́ san àsansílẹ̀?"

Mo gbọ́ pé àwọn méjì ti na owó kí ìyàwó wọn tó fà wọ́n lẹ́wù.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Ìjàpá kò ju ogún ọjọ́ lọ. Ajá gba iyẹ̀pẹ̀, nítorí ìlú Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí erùpẹ̀ irú ilẹ̀ wa wọlé láìní ìwé àṣẹ. Àwòdì fa fọ́ọ̀mù wúrà ya níwájú àti lẹ́yìn. Àwọn ọmọ Asese gba jákẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n gba bàtà. Nígbà tó padà délé, ìlú péjọ lé e lórí. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: láti òní lọ, ẹ̀yìn Ìjàpá ni ilé àti ẹrù rẹ̀ yóò máa wà, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ti ara rẹ̀ kún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tó ń rù ú kiri títí di òní.

Wọ́n dá Ìjàpá lẹ́jọ́, ó tán. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí ọ̀gá Agẹmọ kọ sínú ìwé nítorí Ìjàpá, kò sí ẹni tó rántí pa á rẹ́. Bí ọmọ Asese bá sọ ẹrù nù lónìí, ìbáà ṣe ọmọ Àgùntàn gan-an, kí wọ́n tó kí i pẹ̀lẹ́, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé: "Rìsíìtì dà?"

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé kí a mọ ohun tí a dì, kí a kọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ẹni tó bá fi irọ́ gba owó lórúkọ ìlú, gbogbo ọmọ ìlú ni yóò bá a san án.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ṣe ró lẹ́ẹ̀mẹta. Ó di pó, pó, pó!